Ohùn Do Tí Bámiṣayọ̀ Ń Retí

Òjò ń já lu páànù bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti òkè Mpape, síbẹ̀ ọkùnrin náà ń ta gìtá rẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì tó ti gan lábẹ́ àtíbàbà ibùdókọ̀ Nyanya, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí ọrùn gìtá bí aláǹtakùn tí iná ń lé. Gìtá ọ̀hún pupa fòò bí ata rodo. Ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan tó ń tinú rẹ̀ jáde.

Bámiṣayọ̀ wò ó títí. Ó ti rí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Ó ti rí ẹni tí ń jó láìsí ìlù. Ẹni tí ń ta gìtá tí kò dún ni kò tíì rí. Ọdún 1987 ni à ń wí yìí, Abùjá ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi èkejì nu eruku ojú. Oríṣiríṣi èèyàn ló ń ti ìlú wọn wá wá iṣẹ́, orí ẹlòmíràn a sì dà rú lójú ọ̀nà. "Èyí náà ti dà rú nìyẹn," ló wí lọ́kàn ara rẹ̀. "Olúwa ṣàánú."

Ó fẹ́ sún sẹ́yìn, òjò kò jẹ́.

"Ẹ má bẹ̀rù, Àǹtí," ni ọkùnrin náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Orí mi pé."

"Ta ló sọ pé kò pé?"

"Ojú yín ló sọ ọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bámiṣayọ̀ kó tó rántí pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. "Ṣé gìtá yín bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Oníná ni. Bí kò bá rí iná jẹ, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ gbé etí yín wá síbi igi rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ."

"Èmi? Kí n gbé etí síbi igi ẹni tí mi ò mọ̀, níwájú gbogbo ayé?"

Haúsá kan tó ń ta tíì, tó fara pamọ́ sábẹ́ àtíbàbà kan náà bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Madam, gbọ́ ọ, kó o wá sọ fún wa!"

Bámiṣayọ̀ di gèlè rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé igi pupa náà. Orin wà níbẹ̀ lóòótọ́, kékeré bí ohùn kòkòrò inú ewé. Kì í ṣe orin ìjọ, kì í ṣe jùjú. Ó ń gun òkè lọ. O rò pé ibí ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, ó tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

"Orin ayọ̀ ni àbí orin ẹkún?" ló bi í.

Ìgbà yìí ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Èmi náà kò mọ̀," ló ní. "Ìdí tí mo fi ń ta á nìyẹn."

Láníyì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ olórin tí ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Wuse. Orin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní jáàsì ni wọ́n ń ta, àmúlùmálà rẹ̀, tí wọ́n fi rọ́ọ̀kì lú fọ́ńkì, tí wọ́n sì fi orin ilé wa bù sí i. Láti inú kásẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ ọ, nípa dídá a padà sẹ́yìn títí tí okùn kásẹ́ẹ̀tì yóò fi já.

Gìtá, igi tí kò léwé tó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀,
Ọlọ́rùn gígùn bí àgùnfọn,
Okùn mẹ́fà tí kò so ewúrẹ́, ọkàn ọmọge ló so.

Ọkàn Bámiṣayọ̀ ni ó so lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ rò pé òjò ló mú òun gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n fi bàbá rẹ̀ hàn yín. Bàbá Ọládùnjoyè, ọmọ Kàbà, káfíńtà ni lọ́jọ́ iṣẹ́, ọ̀gá akọrin ni lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ìjọ kékeré kan ní Nyanya tí ògiri rẹ̀ kò tíì gba ọ̀dà. Kó tó kọ́ Bámiṣayọ̀ ní a, b, d ló ti kọ́ ọ ní sólífà, do, re, mi tí a fi ń ka ohùn orin. Bí ọmọ náà bá ń sunkún ní kékeré, bàbá rẹ̀ a ní, "Ẹkún yìí, orí fa ló wà. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Òfin kan ni ó sì ní, tí kò gba ẹ̀bẹ̀: orin tí kò bá parí sórí do, orin aláìnílé ni.

Lọ́dún náà, eku jẹ awọ inú dùùrù ìjọ, Ìkórè sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bámiṣayọ̀ rọra sọ nídìí oúnjẹ pé òun rí ọkùnrin kan tó ń ta gìtá.

"Gìtá ilé ọtí?" bàbá rẹ̀ gbé ṣíbí dúró. "Kó wọ ilé Ọlọ́run?"

"Bàbá Bámi," ni ìyá rẹ̀ Àwẹ̀ró wí, tó ń bu ọbẹ̀, "eku kò jẹ ti ilé ọtí o. Tiwa ló jẹ."

Bí Láníyì ṣe di ẹni tí ń bọ̀ wá sí ìdánrawò nìyẹn. Bàbá Ọládùnjoyè kò kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó kàn tọ́ka sí àga tó jìnnà jù lọ sí pẹpẹ, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn tó fún iná rẹ." Ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá náà bá rí iná jẹ, tó sì gba orin lẹ́nu àwọn akọrin, àní ọ̀gá akọrin pàápàá a gbàgbé láti gbé ọwọ́.

Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára Bámiṣayọ̀. Adésànyà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ti fún ní ilé ní Garki. Kò mutí, kò purọ́, bàtà rẹ̀ kì í sì í ní eruku, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìyanu ní Abùjá ìgbà náà. Ó ti tọ bàbá Bámiṣayọ̀ lọ, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ti wí tẹnu rẹ̀. Bàbá ní kí ọmọ òun ronú, kó gbàdúrà, kó sì fún òun lésì lọ́jọ́ Ìkórè. Bámiṣayọ̀ gbàdúrà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Bó bá wo Adésànyà, kò rí àléébù kan. Bó bá gbọ́ gìtá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ a ká kò.

Lẹ́yìn ìdánrawò, òun àti Láníyì a jọ máa rìn lọ sí ibùdókọ̀, pẹ̀lú àwọn akọrin yòókù níwájú kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá Láníyì," ló bi í lọ́jọ́ kan, "ohùn wo lẹ máa ń lò, tí kì í jẹ́ kí n mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún?"

"Ohùn tí bàbá yín kọ́ yín náà ni. Do, re, mi, fa, so, la, ti. Ọmọ ìyá méje. Mi ò jí ọmọ ẹnikẹ́ni kún un."

"Irọ́ ni!"

"Ọlọ́run gbọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí do, ẹ mọ ìyẹn. Bí mo bá jáde láti orí re, tí mo gba ọ̀dọ̀ gbogbo wọn kọjá títí mo fi kan re ti òkè, òyìnbó ń pè é ní Dóríà. Láti orí mi, Fríjíà. Láti orí fa, Lídíà."

Bámiṣayọ̀ dúró sójú ọ̀nà. "Lídíà? Lídíà tí ń ta aṣọ elésèé àlùkò nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì?"

"Hẹn-ẹ́n?"

"Àti Fríjíà tí Pọ́ọ̀lù là kọjá! Ta ló wá sọ pé orin ilé ọtí lẹ ń ta? Inú Bíbélì ni gbogbo ẹ̀ wà!"

Láníyì rẹ́rìn-ín títí gìtá fi fẹ́ẹ̀ bọ́ léjìká rẹ̀. "Ẹ má sọ fún Bàbá o. Wọ́n á ní kí n ka orí àti ẹsẹ rẹ̀ fún àwọn."

"Ó wá yé mi wàyí," ni Bámiṣayọ̀ wí, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé tó gba iyì níwájú tíṣà. "Ojúlé tí ọmọ bá gbà jáde ló yàtọ̀. Do náà ni gbogbo wọn á padà sùn sí."

Láníyì la ẹnu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì Wuse sì dé pẹ̀lú ariwo, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo pé kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wọn, ló bá fò mọ́ ọn. Ó ní òun yóò ṣàlàyé lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí ọjọ́ mìíràn dé, ó rí ojú Bámiṣayọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì fò lọ lórí rẹ̀. Bí ìfẹ́ ti ń ṣe nìyẹn. A gba ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu ẹni, a fi ẹ̀rín dípò rẹ̀.

Ẹ̀rín náà ló pọ̀ jù. Láníyì kò sọ pé òun fẹ́ ẹ. Ó ń ra àgbàdo sísun fún un, ó ń pè é ní "Ìyá Lídíà," ó ń ta orin tí kò ta fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọbìnrin ń retí, kò jáde. Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìkórè tí ẹnìkan sọ nínú ẹgbẹ́ akọrin pé ẹgbẹ́ olórin hòtẹ́ẹ̀lì náà ń kó lọ sí Jọ́ọ̀sì.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ṣé kó gba Adésànyà, kó má baà pàdánù ẹni rere? Ṣé kó dúró de ẹni tí kò sọ pé kó dúró? Bó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, àdúrà mìíràn ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀, tó ta ko ti àná. Ó ń rán kọ́tìnì fún àwọn ilé tuntun ìjọba ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse. Lọ́sẹ̀ náà, ó rán ojú kọ́tìnì mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀gá rẹ̀ sì bi í bóyá ibà ló ń ṣe é.

Níkẹyìn ló rántí Gídíónì. Ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní:

"Olúwa tó sẹ ìrì sórí irun àgùntàn tó fi ilẹ̀ yíká sílẹ̀ ní gbígbẹ, má bínú sí mi. Bí Láníyì bá jẹ́ tèmi, nígbà tí gìtá rẹ̀ bá dá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìkórè, jẹ́ kó parí rẹ̀ sórí do. Bí kì í bá ṣe tèmi, jẹ́ kó parí sí ibòmíràn. Orí do, Olúwa. Mi ò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́, nítorí ta ni kì í padà sórí do?

Ọjọ́ Ìkórè pé. Wọ́n kó iṣu jọ síwájú pẹpẹ, wọ́n so ẹtù méjì mọ́ ẹsẹ̀ àga, elégédé jókòó bí ìjòyè. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri. Àwọn akọrin kọ orin ọpẹ́ títí ó fi kan ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún gìtá, gbogbo wọn sì dákẹ́.

Láníyì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ okùn ìsàlẹ̀ kan, ó ń tún un tẹ̀, ó sì ń fi ìka yòókù gun òkè lọ. Ṣùgbọ́n sáḿbà àti agogo ti gbóná, àtẹ́wọ́ ti bò ó. Okùn ìsàlẹ̀ yẹn kò dé etí Bámiṣayọ̀ rárá. Òpin nìkan ló ń ṣọ́. Gìtá ké bí ẹyẹ, ó yí bírí, ó bú sẹ́kún, ó rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Àwọn ìyá ìjọ ti dìde. Wàyí o, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. So. Fa. Bámiṣayọ̀ di ìwé orin mọ́ àyà. Mi. Ó ku díẹ̀, Olúwa, ó ku díẹ̀.

Re.

Ó dúró síbẹ̀. Ó fa re náà gùn bí ẹni na ẹní sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì dákẹ́.

Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Bámiṣayọ̀ pa ìwé orin rẹ̀ dé. Ó wo ojú Láníyì tó ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sì yé e bí ẹni tí Ọlọ́run kọ̀ fún un ṣe lè máa rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ pè é. "Ìkórè ti dé, ó ti lọ. Kí ni kí n sọ fún Adésànyà?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo gbà, Bàbá."

"O gbà pẹ̀lú ayọ̀?"

"Mo gbà, Bàbá."

Àwẹ̀ró tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè wò ó.

Ìròyìn kì í ní bàtà, ó sì ń sáré. Lọ́jọ́ kejì, Láníyì yọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Wuse pẹ̀lú gìtá léjìká. Ọ̀gá Bámiṣayọ̀ ti lọ ra òwú. Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, láàárín àwọn kọ́tìnì.

"Wọ́n ní kí n bá ọ yọ̀," ló wí. Kò sọ "ẹ" mọ́. "Mo wá bá ọ yọ̀. Ẹnu mi ni kò gbà."

Omi dé ojú Bámiṣayọ̀, inú sì bí i nítorí omi náà. "O ò sọ nǹkan kan fún mi rí!"

"Mo ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń ta á fún ọ."

"Ṣé gìtá ni mo fẹ́ fẹ́ ni? Ṣé o ò lẹ́nu ni? Èmi ńkọ́, tí mo ń wò ọ́ bí ẹni ń wo ojú sánmọ̀, tí mi ò mọ̀ bóyá òjò ni àbí oòrùn?" Ó nu ojú. "Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, mo ti béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kì í ṣe ìwọ."

"Ó sọ ọ́ fún ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ lo sọ ọ́! Mo ní bí o bá jẹ́ tèmi, kó o parí sórí do. Orí re lo parí sí. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi."

Láníyì kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí òkìtì aṣọ, ó di orí mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé gìtá sórí itan. "Bámiṣayọ̀, bá mi kọ re. Re lásán. Má kúrò níbẹ̀, ohun yòówù kí n ṣe."

Bámiṣayọ̀ kò fẹ́. Ó kọ ọ́ náà. Ó fi imú kùn ún, ó dì í mú. Láníyì tẹ orin àná lé e lórí, láìsí iná, láìsí àtẹ́wọ́. Ohùn méje yẹn tún jáde, ṣùgbọ́n ojú wọn ti yí padà. Fa ń fà á sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń káàánú. Ti tàn bí iná àtùpà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ òwú rẹ̀. Do dé, ó sì kọjá lọ bí àlejò tó kí ni lẹ́nu ọ̀nà tó ní òun kò jókòó. Nígbà tí gìtá sọ̀ kalẹ̀ sórí re, tó bá ohùn tirẹ̀ níbẹ̀, Bámiṣayọ̀ mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀ yàrá ẹni.

"Ilé ni," ló wí.

"Ilé ni. Dóríà kì í sùn sórí do. Re ni baálé ibẹ̀. Do wá di ọ̀kan nínú àwọn ará ilé. Kì í ṣe ojúlé tí a gbà jáde ló ń sọ orin di Dóríà, ibi tí ọkàn ti ń balẹ̀ ni. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Bọ́ọ̀sì ló gbé mi lọ."

"Nígbà náà, kí ni Ọlọ́run wá wí?" ni Bámiṣayọ̀ bi í. "Do ni mo béèrè, kò fún mi ní do. Ilé ni mo ní lọ́kàn, o sì lọ sílé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n ka," ni Láníyì wí. "Èmi mọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ fẹ́ ọ, ayọ̀ mi. Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó ti jáde."

Ó dìde, ó lọ. Bámiṣayọ̀ kò lè dá a dúró, kò sì lè sọ pé kó máa lọ.

Nílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nídìí iṣu tí wọ́n ń bẹ. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Gídíónì, àgbẹ̀ ni. Ó mọ irun àgùntàn, ó mọ ìrì. Ìwọ lọ yan àmì tí o kò mọ ìdí rẹ̀, o wá fẹ́ kí Ọlọ́run máa sá tẹ̀lé ọ nínú sólífà." Ó gé iṣu. "Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ọmọ tí mo gbàdúrà kí n tó bí. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní tèmi. Ta ni o fẹ́?"

"Màmá, mo ti gbà fún..."

"Mi ò bi ọ́ ní ta lo gbà fún."

"Láníyì ni."

"Ṣé ó nira lẹ́nu rẹ bí o ṣe sọ ọ́?"

"Rárá, Màmá."

"Dìde, kó o lọ bá ọmọ ọlọ́mọ ní Garki kí bàbá rẹ tó dé. Kì í ṣe ẹni tí a fi ń ṣeré."

Adésànyà gbà á ní fàráńdà ilé tuntun rẹ̀. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a lẹ́nu, ó ń fi ọwọ́ pa ojú àga rẹ̀. "Ó dùn mí," ló wí níkẹyìn. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀. Bí Láníyì bá ti ń ta gìtá, ìwé orin kì í yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ojú rẹ ni kì í sí níbẹ̀. Mo rò pé bí a bá ti ṣègbéyàwó, yóò yí padà." Ó sìn ín dé ìta gbangba, ó sì dá bọ́ọ̀sì dúró fún un. Ọlọ́run san án fún un lẹ́yìn náà pẹ̀lú aya tó jẹ́ pé ojú tirẹ̀ nìkan ló ń wò.

Bàbá Ọládùnjoyè ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kò ti gbẹdẹ. Ó ń fá pákó lẹ́yìn ilé nígbà tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹ̀fá igi, tó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ àmì.

"Mo ti jẹ́ kí ẹnu mi sọ ọ̀rọ̀ síta," ló bú mọ́ ọn. "O fẹ́ kí n gbé e mì? Nítorí ọmọkùnrin tí orin rẹ̀ kò nílé, tí òun náà kò nílé?"

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo yára sọ ohun tí kò sí lọ́kàn mi. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n orin rẹ̀ nílé."

"Kò parí sórí do!"

"Bàbá, orin tí ẹ ń kọ lẹ́nu báyìí kí n tó dé, ibo ló ń parí sí?"

"Èwo?"

"Èyí tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá ń fá pákó. Ti ìyá yín, tí wọ́n fi ń lọ ata ní Kàbà."

"Orí do ni. Ibo ló tún lè parí sí?" Láti fi hàn án, ó gbé orin náà, ó sì ń pe sólífà rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé òpin, ẹnu rẹ̀ dúró. Ó tún un gbé. Ó tún dúró síbì kan náà, tó kì í ṣe orí do, tí orin náà sì ti sinmi pátápátá níbẹ̀, bí ìyá arúgbó tó fẹ̀yìn ti ògiri ilé ara rẹ̀.

Ó gbé ohun ìfági sílẹ̀.

"Tíṣà nà mí nítorí orin yìí," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo kọ ọ́ ní kíláàsì, ó ní orin kèfèrí ni kò mọ ibi tí yóò parí sí. Ó nà mí títí mo fi fi do sí i nídìí. Nígbà tí mo délé tí mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá mi ní, 'Ọmọ mi, ta ló gé ẹsẹ̀ orin mi?'" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, eruku igi lẹ̀ mọ́ ọn. "Ní kí ọmọkùnrin náà wá rí mi."

Láníyì wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Ọládùnjoyè kò bi í ní ọ̀rọ̀ orin kan.

"Jọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ láàárọ̀ yìí, sà. Mi ò bá wọn lọ."

"Kí lo wá máa jẹ?"

"Hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ta gìtá lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, sà. Oúnjẹ nìkan ni, kò sí ọtí."

"Orí ìrẹsì ni wàá wá máa ta Lídíà inú Bíbélì lé," ni bàbá náà kùn, nítorí ọ̀rọ̀ Lídíà ti dé etí rẹ̀ tipẹ́. Ó yí ojú sí Bámiṣayọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé àmì mìíràn tún ti dé ni, àbí ìwọ fúnra rẹ lò ń sọ̀rọ̀ lónìí?"

"Èmi fúnra mi ni, Bàbá. Mi ò rí àmì kankan."

"Ẹ̀rù kò bà ọ́?"

"Ó ń bà mí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò tíì yé mi. Òun ni mo fẹ́."

"Dìde nílẹ̀, Láníyì," ni Bàbá Ọládùnjoyè wí. "Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ ní Ìsẹ́yìn pé à ń retí wọn."

Wọ́n dé, wọ́n kí ara wọn, ọ̀rọ̀ sì wọ̀. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, Bámiṣayọ̀ àti Láníyì dúró níwájú pẹpẹ ní Nyanya. Bí Pásítọ̀ ṣe ṣí ìwé láti bi ìyàwó ní ìbéèrè ni gbogbo ìjọ dákẹ́, nítorí púpọ̀ nínú wọn ti gbọ́ pé ọmọ yìí pẹ́ lójú ọ̀nà.

"Bámiṣayọ̀," ni Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, "ṣé ìwọ gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, kí ẹ̀yin méjèèjì..."

"Mo gbà."

Ẹ̀rín sọ nínú ìjọ. Pásítọ̀ gbé ìgò ojú rẹ̀ sókè. "Sùúrù, ọmọ mi. Mi ò tíì bi ọ́ tán."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Bámiṣayọ̀ wí, "ẹ máa bá a lọ."

Pásítọ̀ padà sórí ìlà àkọ́kọ́, ó kà á dé òpin láìfo ọ̀rọ̀ kan, ti àìsàn, ti ìlera, ti ọrọ̀ àti ti àìní. Bámiṣayọ̀ dúró dè é. Nígbà tó tó àsìkò, ó tún wí pé òun gbà, ó sì ké e síta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó dúró lẹ́yìn ògiri fi gbọ́.